Ṣé Oúnjẹ Inú Ike Ló Ń Da Ìfun Ọmọ Mi Láàmú?

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 19, ní àìsàn ìfun tí wọ́n ń pè ní Crohn. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún un nílé ìwòsàn ti jẹ́ kí ara rẹ̀ balẹ̀; kò ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ mọ́. Ó wá ní èròjà inú oúnjẹ ilé iṣẹ́ ló fa gbogbo rẹ̀, pé tí òun bá ti jáwọ́ níbẹ̀, òun ò gba abẹ́rẹ́ mọ́. Ìyá ọkọ mi ní ata ni. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?
Ìyá Ọlọ́mọ, Peckham, London

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ẹ jọ̀ọ́, kó má fi abẹ́rẹ́ yẹn sílẹ̀. Crohn lè máa jẹ ìfun lábẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé inú ń run ún, bí ojú ìfun bá sì ti fún pọ̀, ó lè di iṣẹ́ abẹ.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ yín kì í ṣe àsọdànù. Ẹ yí ike áísìkiriìmù sẹ́yìn, ẹ lè rí E466, E433 tàbí E407 níbẹ̀: àwọn èròjà tí kì í jẹ́ kí omi àti ọ̀rá yà, tàbí tó ń mú oúnjẹ ki. Ní 2015, àwọn olùwádìí Benoit Chassaing àti Andrew Gewirtz ní Amẹ́ríkà fi méjì àkọ́kọ́ sínú omi mímu eku. Ikun tó bo ara ìfun, tí kì í jẹ́ kí kòkòrò àìfojúrí kan ẹran ara, di fẹ́lẹ́. Àwọn kòkòrò náà sún mọ́ ọn. Àwọn eku tí àrùn ìfun ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn tẹ́lẹ̀ sì ní ìfun wíwú. Nígbà tó di 2022, wọ́n fún àwọn èèyàn tí ara wọn le ní gíráàmù 15 E466 lójúmọ́ fún ọjọ́ 11, iye tó pọ̀ púpọ̀. Kòkòrò inú wọn yí padà, ti àwọn kan sì sún mọ́ ara ìfun. Ìyẹn tó kéèyàn máa ka ẹ̀yìn ike. Kò tó kéèyàn ju oògùn nù.

Ohun kan tún wà tó fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn bẹ́ẹ̀: mílíìkì àkànṣe tí ilé ìwòsàn ń fún àwọn ọmọdé tó ní Crohn mu fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, láìjẹ oúnjẹ mìíràn, máa ń jẹ́ kí ìfun ọ̀pọ̀ wọn rọlẹ̀. Síbẹ̀, àwọn kan lára mílíìkì yìí gan-an ní irú èròjà wọ̀nyí nínú!

Ata kọ́ ló fa Crohn, ẹ bá mi sọ fún màmá. Bó bá ń ta á nínú, ẹ dín in kù. Mọ́ínmọ́ín, ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ẹja tí ẹ fọwọ́ ara yín sè kì í sábà ní irú èròjà wọ̀nyí. Àmọ́ bí dókítà bá ti ní ojú ìfun rẹ̀ fún, kó yẹra fún ẹ̀pà àti àgbàdo, kí ẹ sì lọ ẹ̀fọ́ kúnná.

Kí ọmọ yín dán jíjáwọ́ nínú oúnjẹ ilé iṣẹ́ wò, àmọ́ abẹ́rẹ́ ò gbọdọ̀ dúró, kó sì ní kí ilé ìwòsàn máa yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò fún èròjà kan tí wọ́n ń pè ní calprotectin. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti mọ̀ bóyá ìfun ṣì ń wú.