Kì í Ṣe Ojú Nìkan Ni Ọ̀rọ̀ Wà: Ẹ̀kọ́ Lára Àwòrán Jacob Lawrence

Àwọn Yorùbá a máa wí pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Òótọ́ ni; ṣùgbọ́n ayàwòrán tí mo fẹ́ fi hàn yín lónìí fi ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn ènìyàn pẹ̀lú. Jacob Lawrence ni orúkọ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà ni a bí i ní ọdún 1917. Ní Harlem, àdúgbò àwọn ènìyàn dúdú ní New York, ni ó ti kọ́ṣẹ́.

Láàrin 1940 sí 1941, ó ya 60 àwòrán nípa àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n fi oko òwú ìhà gúsù sílẹ̀, tí wọ́n lọ wá iṣẹ́ àti ìfọ̀kànbalẹ̀ ní àwọn ìlú ńlá ìhà àríwá. Àwọn òbí rẹ̀ wà lára wọn. Ó kọ́kọ́ ka ìtàn wọn ní ilé ìkàwé, ó sì kọ àlàyé àwòrán kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó tẹ́ gbogbo pátákó kalẹ̀, tí ó fi àwọ̀ kan kun gbogbo wọn kí ó tó mú òmíràn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi bára mu bí aṣọ ẹbí.

Ẹ wo àwòrán kìn-ín-ní. Èrò ń rọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà mẹ́ta ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Orúkọ Chicago, New York àti St. Louis wà lókè wọn. A kò rí ojú wọn. Ara tí ó tẹ̀ síwájú àti ẹrù wọn ni ó ń sọ̀rọ̀.

Ẹ wo àwòrán 58. Ọmọbìnrin mẹ́ta kọ ẹ̀yìn sí wa, wọ́n ń kọ 2, 3 àti 4 sára pátákó. Apá tí wọ́n nà sókè ti sọ ohun tí àwọn òbí wọn torí rẹ̀ fi ilé sílẹ̀. Síbẹ̀ ayàwòrán yìí kò tàn wá: ó ya ilé híhá, ó sì ya rògbòdìyàn ìgboro pẹ̀lú.

Lójú tèmi, bí ojú bá hàn, a ó wí pé lágbájá ni. Bí kò bá hàn, ẹrù náà di ti gbogbo wa. Ní 1964, nígbà tí ó wá gbé ní Nàìjíríà, irú ojú kan náà ni ó fi wo èrò ọjà wa nínú àwòrán tí ó pè ní Street to Mbari.

Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, láti orílẹ̀-èdè yòówù kí ẹ ti wá, ẹ rán àwọn ọmọ lọ sí ibùdókọ̀. Kí wọ́n ya ẹni mẹ́ta láìya ojú. Lẹ́yìn náà, ẹ bi àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn léèrè: Ta ni ó ti rẹ̀? Ta ni ó ń dúró de ẹnìkan? Ẹrù ta ni ó wúwo jù? A lè má gbọ́ èdè ara wa, ṣùgbọ́n a lè mọ ìnira ara wa.