Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: ỌKỌ̀ OJÚ OMI KÌ Í DÚRÓ DE ẸNÌ KAN



Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Wọn á ní, kí ló kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú fàájì orí omi? Ó kàn wá o. Ó ti ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí ọmọ ẹgbẹ́ wá bá wa ní ọ́fíìsì pé òun fẹ́ gba owó òun, nítorí pé àwọn ọmọ òun tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ mú òun wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́. Owó yín ni, a kò ní di yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí owó bá máa jáde, ẹ jẹ́ kó jáde pẹ̀lú ètò.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ ẸNÌ KAN NÍNÚ WA

Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó ń ta aṣọ. A kò ní dárúkọ wọn, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló ní ká sọ ọ́ kí ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi ń dá owó lọ́tọ̀ lọ́dọ̀ wa. Àwọn ọmọ wọn náà ń dá tiwọn lókè òkun. Wọ́n fẹ́ fi ìrìn-àjò orí omi ṣe àjọyọ̀ ogójì ọdún tí bàbá àti ìyá ti fẹ́ ara wọn.

Ọkọ̀ máa gbéra ní èbúté Southampton ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Bàálù tó gbé àwọn òbí láti Èkó yẹ kó balẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní agogo mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an. Lójú ẹni tí kò rìn rí, àyè wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Àfi bí bàálù kò ṣe gbéra lóru mọ́. Ó di ìyálẹ̀ta ọjọ́ kejì kó tó fò. Nígbà tí wọ́n fi máa balẹ̀, agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti kọjá, ọkọ̀ ti lọ. Àkọ́bí wọn nìkan ló dúró dè wọ́n ní pápákọ̀ òfurufú. Àwọn ọmọ yòókù àti àwọn ọmọ-ọmọ ti wà lójú omi.

Àwọn tó ni ọkọ̀ ojú omi ní àwọn kò jẹ̀bi, àwọn kò dá kọ́bọ̀ padà. Àwọn tó ni bàálù ní àwọn kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ ojú omi. Ìyá sọ fún wa pé, "Akọ̀wé, ọ̀sán kan péré ló jẹ owó ọdún méjì." Bẹ́ẹ̀ sì ni owó tí wọn ì bá fi sùn ní òtẹ́ẹ̀lì lóru ọjọ́ kan ṣáájú kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tó ṣòfò yẹn.

Gbogbo ẹ̀kọ́ wa òní kò ju gbólóhùn kan lọ: owó ìrìn-àjò orí omi ń bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kan ṣáájú, ìrìn-àjò náà fúnra rẹ̀ sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kan ṣáájú.

1. KÍ NI IRÚ ÌRÌN-ÀJÒ BẸ́Ẹ̀?

Ọkọ̀ ojú omi kì í ṣe àjèjì sí àwọn àgbà wa. Láti 1951 títí di 1974, ọkọ̀ Aureol ti ilé iṣẹ́ Elder Dempster ń ná ìlú Òyìnbó sí Àpápá. Liverpool ló ń lọ tẹ́lẹ̀. Ní 1972 ni wọ́n gbé ìdíkọ̀ rẹ̀ lọ sí Southampton. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ló ń lò lójú omi, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó lọ kàwé lókè òkun ló sì wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n Aureol ń gbé èèyàn lọ síbi tó ń lọ ni. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ máa ń gbé èèyàn yí ká, á sì dá a padà síbi tó ti gbé e. Òtẹ́ẹ̀lì tó léfòó ni ẹ lè pè é: yàrá wà níbẹ̀, oúnjẹ wà, eré wà, ilẹ̀ sì lè mọ́ yín ní ìlú tuntun.

Àpẹẹrẹ tí a máa lò ni èyí tó ń gbéra ní Southampton lọ sí Madeira, tí í ṣe ti ilẹ̀ Pọtogí, àti àwọn erékùṣù Kánárì, tí í ṣe ti Sípéènì. Ó sábà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó dín díẹ̀. Las Palmas, tí Aureol náà máa ń yà láyé ijọ́un, wà lára àwọn èbúté ibẹ̀.

2. OWÓ: Ẹ MÁ WO OJÚ ÌWÉ NÌKAN

Ká ní wọ́n kọ £900 sójú ìwé. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Orí ẹnì kan ni wọ́n ń sọ, nínú yàrá tí ẹni méjì jọ gbà. Bàbá àti ìyá, £1,800 nìyẹn. Ẹni tó bá dá yàrá gbà lè san owó tó sún mọ́ ti ẹni méjì. Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ṣírò ìwọ̀nyí:

(a) Tíkẹ́ẹ̀tì bàálù láti Èkó, àlọ àti àbọ̀.
(b) Físà, adójútòfò, òtẹ́ẹ̀lì ọjọ́ tó ṣáájú, àti ọkọ̀ tó máa gbé yín dé èbúté.
(d) Owó ìdúpẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ti kó o mọ́ owó ọkọ̀. Àwọn mìíràn ń gbà á lójoojúmọ́ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, títí kan ọmọdé, ó sì lè ju dọ́là 15 lọ lójúmọ́.
(e) Ọtí àti mínírà, íntánẹ́ẹ̀tì, fífọ aṣọ, fọ́tò, àti ìrìn-kiri ní ìlú tí ọkọ̀ bá yà. Oúnjẹ ló wà nínú owó ọkọ̀, kì í ṣe gbogbo nǹkan.

Tiwa ni pé, ẹni tó bá rí £1,800 lójú ìwé, kó múra ìlọ́po méjì rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá ṣẹ́ kù, kó dá a padà sínú àpò ẹgbẹ́. Ohun tí àjẹṣẹ́kù túmọ̀ sí náà kúkú nìyẹn.

Náírà wa náà ń kọ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tíì tó ₦500 lọ́jà ìjọba. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti ju ₦1,500 lọ. Ẹni tó ń dá náírà jọ fún ìrìn-àjò nígbà yẹn, bó ṣe ń sáré ni ibi tó ń lọ ń sá síwájú. Nítorí náà, bí ọkàn yín bá ti balẹ̀ lórí ọjọ́, ẹ tètè san owó àsansílẹ̀ kí iye owó lè dúró lójú kan. Èyí tó kù sábà máa ń tó san ní bí ọjọ́ 60 sí 90 kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ béèrè ọjọ́ náà, kí ẹ sì béèrè iye tí wọn máa yọ bí ẹ bá yẹ̀ ẹ́. Bí ọjọ́ bá ṣe ń sún mọ́lé ni iye tí wọn ń yọ ń pọ̀ sí i, títí tí kò ní ku nǹkan kan láti dá padà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù: ẹ má fi owó ọjà gbafẹ́, ẹ má sì fi owó tí ẹ yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wọ ọkọ̀. Èèyàn kì í dé láti orí omi kó wá bá ìsọ̀ òfìfo.

3. ÌWÉ: FÍSÀ KAN KÒ TÓ

Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ṣí ilẹ̀kùn Sípéènì tàbí Pọtogí. Ẹni tó ní páàsìpọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Schengen pẹ̀lú. Ẹ má sọ pé ẹ̀yin á jókòó sínú ọkọ̀ nígbà tí àwọn yòókù bá sọ̀kalẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lè kọ̀ láti gbà yín wọlé láti Southampton.

Láti oṣù 6 ṣáájú ìrìn-àjò ni ẹ ti lè kọ̀wé fún físà Schengen, kò sì yẹ kó dín ní ọjọ́ 15. Orílẹ̀-èdè tí ẹ máa pẹ́ jù níbẹ̀ ni ẹ máa kọ̀wé sí. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, owó rẹ̀ jẹ́ €90 fún àgbà, €45 fún ọmọ ọdún 6 sí 11. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6 kì í san. Wọ́n á béèrè adójútòfò tó lè san ó kéré tán €30,000 bí àìsàn bá dé. Ní ti físà àlejò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù 3 ṣáájú ìrìn-àjò ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí. Kí ẹ sì rí i pé kò ní tíì kú lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá padà dé, nítorí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ tún máa wọ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ara náà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kì í gba aboyún tí oyún rẹ̀ bá ti wọ ọ̀sẹ̀ 24, wọn kì í sì í gba ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé oṣù 6. Lórí ìrìn-àjò tó jìn, ó lè jẹ́ oṣù 12. Dókítà wà nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n owó ló ń gbà. Ìdí nìyẹn tí adójútòfò kò fi ṣeé fọwọ́ rọ́ tì.

4. ỌJỌ́ KAN ṢÁÁJÚ

Ó kéré tán, ẹ sùn ní ìlú èbúté lóru ọjọ́ kan. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Èkó, kó ṣe é ní méjì. Wọ́n máa ń ti ìforúkọsílẹ̀ pa ní wákàtí kan tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀, wíwò ló kù fún un.

Ọkọ̀ ojú irin láti Waterloo ní Lọ́ńdọ̀nù dé Southampton kò ju bí wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Ẹ tètè gba òtẹ́ẹ̀lì, nítorí owó wọn máa ń lé lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ńlá bá pọ̀ ní èbúté. Kì í sì í ṣe ìjókòó lásán. Ẹnubodè àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Bargate ṣì dúró láàárín ìlú, pẹ̀lú ògiri tí wọ́n fi yí ìlú ká láyé ọjọ́un. Ní 10 oṣù kẹrin ọdún 1912, Southampton ni ọkọ̀ Titanic ti gbéra. Ó ju 500 lọ nínú àwọn ará ìlú náà tó bá a lọ, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀. Ìtàn wọn wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé SeaCity. Fún àwọn ọmọ-ọmọ kéékèèké, ọgbà eré Paultons Park, níbi tí ilé Peppa Pig wà, kò jìnnà sí ìlú. Àwọn onísòwò, ẹ̀yin náà ẹ lọ wo bí wọ́n ṣe ń pàtẹ ọjà ní Westquay. Wíwò kò ná nǹkan kan.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ kó páàsìpọ́ọ̀tù, oògùn àti aṣọ pàrọ̀ kan sínú báàgì ọwọ́. Wọn á gba ẹrù ńlá lọ́wọ́ yín ní èbúté, ó sì lè di ìrọ̀lẹ́ kó tó dé yàrá. Ẹ yọ áyọ́ọ̀nù àti ìgbóná iná kúrò nínú ẹrù; wọn á gbà á nítorí iná. Ọbẹ̀ tí ẹ sè nílé náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ ẹ́ tán ní òtẹ́ẹ̀lì.

5. TỌMỌDÉ TÀGBÀ LÓRÍ ỌKỌ̀

Ohun àkọ́kọ́ ni ìdánrawò ààbò: ibi tí ẹ máa sá lọ bí ewu bá dé. Ẹ má rò pé eré ni. Ní 13 oṣù kìíní ọdún 2012, ọkọ̀ Costa Concordia fara gbá àpáta ní etíkun Ítálì, ẹni 32 sì kú. Nínú àwọn tó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ ni kò tíì ṣe ìdánrawò. Láti 2015, òfin àgbáyé ti sọ ọ́ di dandan kí ọkọ̀ tó gbéra tàbí bó bá ti ń gbéra. Ẹ mú àwọn ọmọ dání lọ.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹlẹ́bí ní ẹgbẹ́ ọmọdé tí wọ́n pín ní ọjọ́ orí sí ọjọ́ orí. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún 3 tó ti kúrò ní nápíkìn. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti kùn ún, kọrin, ṣeré. Àwọn òbí á sì rójú sinmi. Ṣùgbọ́n ní etí omi ìlúwẹ̀ẹ́, ẹ má gbára lé ẹnì kan. Ẹ fi ojú ara yín ṣọ́ ọmọ yín. Fún àgbà, eré orí ìtàgé wà, ijó wà, àyè sì wà láti rìn yí ọkọ̀ ká láàárọ̀.

Ẹ ṣètò ìgbà kan lójúmọ́ tí gbogbo ilé máa pàdé. Oúnjẹ alẹ́ ló dára jù. Kò sí ohun tó dùn bíi kí ọmọ-ọmọ jókòó ti bàbá àgbà, kó máa ròyìn ohun tó rí. Ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ náwó gan-an nìyẹn.

Wọn kì í ná owó lọ́wọ́ nínú ọkọ̀. Káàdì ni wọ́n fi ń rà, gbèsè á sì máa jọ. Ẹ ní kí wọ́n fi òdiwọ̀n sí káàdì àwọn ọmọ, kí ẹ sì máa yẹ ìwé gbèsè wò lójoojúmọ́, bí ẹ ti ń yẹ ìwé ọjà wò. Ẹ máa fi ọṣẹ fọwọ́ dáadáa, nítorí àrùn inú máa ń tètè ràn níbi tí èrò bá pọ̀. Ẹni tí omi máa ń kọ̀, kó gba yàrá àárín ọkọ̀ ní ìsàlẹ̀, nítorí omi Biscay lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ Faransé lè ru.

Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ ní ìlú kan, ẹ béèrè agogo ọkọ̀. Kánárì àti Madeira ń lo agogo kan náà pẹ̀lú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Sípéènì gan-an fi wákàtí kan ṣáájú. Bí ẹ bá bá ìrìn-kiri tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣètò lọ, wọ́n á mójú tó yín bí ẹ bá pẹ́. Bí ẹ bá dá lọ, ẹ padà ní wákàtí méjì ṣáájú.

Ìyá tí a sọ ìtàn wọn ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó. Nígbà tí wọ́n mú ìwé wọn wá lóṣù tó kọjá, a rí i pé òtẹ́ẹ̀lì oru méjì ni wọ́n kọ ṣáájú ohun gbogbo. Inú wa dùn. Bí òní ti rí, ọ̀la lè máà rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Dárúkọ owó mẹ́rin tí kì í sí lára iye tí wọ́n kọ sójú ìwé ọkọ̀.
2. Kí nìdí tí físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò fi tó?
3. Ọmọ ẹgbẹ́ kan fẹ́ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ fún fàájì orí omi. Ìmọ̀ràn wo ni ẹ máa fún un?
4. Bí ẹ bá fẹ́ lọ ní ọdún méjì sí i, èló ló yẹ kí ẹ máa dá lóṣooṣù? Ẹ mú ìṣirò yín wá.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́