Bébà Àkàrà

Àkànní, má tíì ju bébà tí wọ́n fi wé àkàrà yẹn nù. Gbé e sókè sí oòrùn. Ibi tí epo ti mù ún, o ń rí ọwọ́ rẹ gba inú rẹ̀, àbí? Ibi tó gbẹ kò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá. Afẹ́fẹ́ ló wà láàárín fọ́nrán bébà, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń kọsẹ̀. Epo ló dí àlàfo náà. Ọgbọ́n yìí náà ni Werner Spalteholz lò ní Leipzig, ní Jámánì, tó fi kọ ìwé ní 1911 lórí bí ẹran ara ṣe lè mọ́ gaara bíi dígí.

Ṣùgbọ́n eegun kì í ṣe bébà. Kálísíọ̀mù mú un le bí àpáta Ìrèsì yìí, ọ̀rá mùdùnmúdùn kún inú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì kùn ún. Kálísíọ̀mù la kọ́kọ́ ń yọ. Nígbà tí mo wà ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn kan, mo da ásíìdì líle sí eegun aláìsàn kan lọ́jọ́ Ẹtì, torí mo fẹ́ tètè relé. Ọjọ́ Ajé, ó ti rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì kò gba aró mọ́. Aláìsàn yẹn ni wọ́n tún gbé gun tábìlì iṣẹ́ abẹ. Mo ṣì ń rí ojú rẹ̀.

Kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní EDTA ni kí o máa lò. Ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ló fi ń fa kálísíọ̀mù jáde, kì í sì í ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wàá yọ ọ̀rá àti àwọ̀ ẹ̀jẹ̀, kí o tó rì í sínú omi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá bó ṣe ń gba inú eegun náà. Báyìí ni wọ́n ṣe ṣe eegun eku ní Caltech, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé jáde ní 2017. Abẹ lèmi fi ń rẹ́ eegun wẹ́wẹ́ bí ilá. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń yí kiri, mi ò mọ èyí tó so mọ́ èyí. Ìmọ́lẹ̀ pẹlẹbẹ ni ẹ̀yin ọ̀dọ́ yóò fi rẹ́ ẹ, kọ̀ǹpútà á sì to àwòrán rẹ̀ padà lódindi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń tiro ńkọ́? Fọ̀níkú-fọ̀ladìde ló dí irú iṣan ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní orí eegun itan rẹ̀.

Eegun adìẹ àná ṣì wà nínú abọ́. Fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e kó fa kálísíọ̀mù rẹ̀ jáde, máa pààrọ̀ omi rẹ̀, kí o sì ka iye ọjọ́ tó gbà kó tó tẹ̀ bíi rọ́bà. Má wá bi mí lọ́la.