Afárá àti Ìdígbó: Bí A Ṣe Lè Dá Wọn Mọ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí olùkọ́ bá mú ọmọ wọ inú igbó, ohun tí ọmọ náà yóò kọ́kọ́ bi í ni pé, “Igi wo nìyí?” Orúkọ nìkan kò tó láti fi dá a lóhùn, pàápàá jù lọ fún àwa tí a ti ilẹ̀ púpọ̀ wá jókòó nínú yàrá ẹ̀kọ́ kan. Ẹ jẹ́ kí a fi afárá àti ìdígbó ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ ìyá ni igi méjèèjì. Àwọn onímọ̀ pe afárá ní Terminalia superba, wọ́n sì pe ìdígbó ní Terminalia ivorensis, orúkọ tí ó ti ara ilẹ̀ Côte d'Ivoire yìí jáde. Níhìn-ín ní Abidjan, fraké ni àwọn oníṣòwò pákó ń pe afárá, framiré ni wọ́n ń pe ìdígbó. Ẹ gbọ́ bí orúkọ méjèèjì ti jọra létí! Ará Ghana yóò sọ pé ofram ni afárá, emire sì ni ìdígbó. Limba ni afárá lẹ́nu ará Kóńgò. Ó sì ṣeé ṣe kí ó má mọ ìdígbó rárá, nítorí ìdígbó kò kọjá Kamẹrúùnù, bẹ́ẹ̀ ni afárá sì hù títí dé Àngólà.

Àṣìmọ̀ igi wọ̀nyí a máa náni lówó. Pákó ìdígbó a máa pẹ́. Ti afárá kò lè bá ikán àti ọ̀rinrin jà. Ẹni tí ó ra afárá ní orúkọ ìdígbó láti fi ṣe ilẹ̀kùn ìta, kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n. Bákan náà ni ẹni tí ó ń ṣa èso láti gbìn. Igbó Côte d'Ivoire ju 7 mílíọ̀nù hẹ́kítà lọ ní ọdún 1990, ṣùgbọ́n kò pé 3 mílíọ̀nù mọ́ ní 2020. Ìdígbó sì ti wà lára àwọn igi tí a kà sí èyí tí ó wà nínú ewu láti 1998.

Àwọn ìwé a máa fi ewé ṣáájú. N kò fara mọ́ ọn, nítorí ewé igi tí ó ga ju 30 mítà lọ kì í ṣe ohun tí ọwọ́ ń tó, àti pé igi méjèèjì a máa wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí gan-an ni èso wọn ń já bọ́. Èso méjèèjì ní apá tí atẹ́gùn fi ń gbé wọn lọ. Ẹ gbé ọ̀kan lé àtẹ́lẹwọ́, kí ọrùn rẹ̀ kọjú sí yín. Bí apá rẹ̀ bá nà sí ọ̀tún àti sí òsì, tí ó fẹ̀ ju bí ó ti gùn lọ, afárá ni. Bí ó bá gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ahọ́n, ìdígbó ni.

Bí ẹ bá rí ewé tí ó ti já, ti afárá jọ̀lọ̀, ọrùn rẹ̀ sì gùn. Ọrùn ewé ìdígbó kúrú, irun pupa bí ìpẹtà sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìdí igi. Gbòǹgbò afárá a máa yọ sókè bí ògiri pẹlẹbẹ, ènìyàn lè fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ti ìdígbó kò ga tó bẹ́ẹ̀. Èèpo afárá rí bí eérú. Èèpo àgbà ìdígbó dúdú, ó là gbọọrọ láti òkè dé ilẹ̀, ó sì ń bó ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Kí ẹ má ṣe fi èèpo dájọ́ igi kékeré, nítorí èèpo ìdígbó tí kò tíì dàgbà jọ̀lọ̀ pẹ̀lú.

Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀. Oko tí a ti fi sílẹ̀ àti etí igbó ni a ti ń rí ọmọ wọn. Níbi tí igbó ti ń súnmọ́ ọ̀dàn, afárá ni ó wọ́pọ̀ jù.

Bí igi bá ti di pákó, kò sí ewé, kò sí èso mọ́. Ẹ rẹ ẹ̀là rẹ̀ sínú omi: ìdígbó yóò tú àwọ̀ ìyeyè sínú omi náà. Bí a bá sì kan ìṣó irin mọ́ ọn nígbà tí ó tutù, àyíká ìṣó náà yóò dúdú.