Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ: Ẹ̀kọ́ lórí Àṣẹ Ilé Ìtọ́jú Arúgbó ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó àti àwọn aláìlera. Kò yani lẹ́nu pé àwọn kan nínú wọn a máa fẹ́ dá ilé ìtọ́jú tiwọn sílẹ̀. Ọ̀nà kan tí a ń gbà ṣe èyí ni kí ènìyàn san owó fún ilé-iṣẹ́ tí ó ti lókìkí, kí ó lè máa lo orúkọ àti ìlànà rẹ̀. Ọ̀nà náà dára, ṣùgbọ́n ó yẹ kí á mọ̀ pé orúkọ nìkan ni ènìyàn rà. Kò ra àṣẹ mọ́ ọn.

Ká sọ pé ọkùnrin kan san owó orúkọ, ó tọwọ́ bọ ìwé láti gba ilé ńlá kan fún ọdún 10, ó sì ra ibùsùn sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó tó tọ Kánsù lọ. Bí Kánsù bá kọ̀, owó ilé yóò máa lọ lóṣooṣù, ilé yóò sì ṣófo. Àṣẹ mẹ́ta ni ó yẹ kí ó ti mọ̀, ọ̀kan kò sì lè dúró fún èkejì.

Èkíní ni àṣẹ ìlò ilé. Òfin ọdún 1987 pín ilé sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí. Ilé tí ìdílé ń gbé wà ní ìsọ̀rí C3. Ilé ìtọ́jú wà ní C2. Àwọn ènìyàn tí kò ju 6 lọ, tí wọ́n jọ ń gbé bí agboolé kan tí a sì ń tọ́jú wọn, lè wà ní C3, ṣùgbọ́n Kánsù ni kí a bi kí a tó gbẹ́kẹ̀ lé e. A óò fún àwọn aládùúgbò ní ọjọ́ 21, ó kéré tán, láti sọ èrò wọn. Ọ̀sẹ̀ 8 ni òfin fún Kánsù láti dáhùn, tàbí ọ̀sẹ̀ 13 fún iṣẹ́ ńlá. Bí wọ́n bá kọ̀, àyè wà láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn láàrin oṣù 6.

Èkejì ni àṣẹ ìkọ́lé. Níhìn-ín, ohun tí a ń wò ni ààbò àwọn tí yóò gbé inú ilé náà: ilẹ̀kùn tí ń dá iná dúró, agogo tí ń kìlọ̀ iná, àti ọ̀nà tí ó fẹ̀ tó fún kẹ̀kẹ́ aláìlera. Fún irú ilé yìí, ìwé ìfitónilétí ṣókí kò tó. Odindi pláànì ni a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Ìdáhùn yóò wá láàrin ọ̀sẹ̀ 5, tàbí kí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá jọ fohùn ṣọ̀kan. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka èyí sí ìyọnu lásán. Arúgbó tí kò lè dìde fúnra rẹ̀ kò lè sá fún iná lóru.

Ẹ̀kẹta ni ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ Care Quality Commission, lábẹ́ òfin ọdún 2008. Ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an ni yóò forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó ni orúkọ kò bo ẹni tí ó rà á. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ṣáájú èyí ti rú òfin.

Nítorí náà, kí ẹni tí ń gbèrò irú iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ Kánsù nípa ilé náà gan-an. Kí ó béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ni orúkọ, nínú ìwé, ta ni yóò san owó ayàwòrán ilé bí a bá dá pláànì padà. Kí ó sì rí i pé a kọ ọ́ sínú àdéhùn ilé pé, bí àṣẹ kò bá jáde, àdéhùn náà ti tú. Ilé ni kí ó kọ́kọ́ wò. Orúkọ yóò tẹ̀ lé e.