Ọ̀rọ̀ Kànga fún Ọmọ tó Fẹ́ Kọ́lé sí Ìbàràpá

Ọmọ mi, ìwọ tó ò ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn, tàbí tó o tiẹ̀ ti sọdá òkun, tó ò ń fi owó ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n bá ọ ra ilẹ̀ sí Igbó-Ọrà tàbí Èrúwà, mo mọ̀ pé ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn ni pé kí ẹ gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ kí bíríkìlà tó kó irinṣẹ́ dé, kí wọ́n lè rí omi po sìmẹ́ǹtì, kí ìyá yín náà sì bọ́ lọ́wọ́ korobá rírù. Èrò rere ni. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù, àwa náà la sì ń gbàdúrà pé kí ẹ là kí ẹ rántí ilé. Àmọ́ mo ti rí owó tó wọlẹ̀ ní agbègbè wa yìí tí omi kò bá a jáde, mo sì ti rí omi tó jáde tán tí kò sẹ́ni tó tọ́jú rẹ̀ títí tó fi sọ agbo ilé di aláìsàn, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o fìdí kalẹ̀ kí n bá ọ sọ ọ́, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ, ilẹ̀ là á wò kí á tó sọ pé omi wà níbẹ̀. Láti Èrúwà àti Lánlátẹ̀ wá sí Igbó-Ọrà àti Ìdèrè, títí lọ kan Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgàngàn, bí o bá rìn yí ìlú méjèèje Ìbàràpá ká, ojú rẹ kò ní pẹ́ kan òkè. Àwọn òkè wọ̀nyẹn kò dópin síbi tí ojú rẹ rí wọn dé o. Àpáta kan náà ló tẹ́ lọ sábẹ́ ilé, sábẹ́ oko ẹ̀gẹ́ àti sábẹ́ ọjà, erùpẹ̀ ló kàn bò ó mọ́lẹ̀. Èyí ni kò jẹ́ kí ilẹ̀ wa jọ ti Èkó, níbi tí omi ti wà nínú yanrìn tó nípọn, tó jẹ́ pé iyọ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rù lọ́hùn-ún, wọn kì í bẹ̀rù àìrí omi. Lọ́dọ̀ tiwa, ibi méjì ni omi ń sá pamọ́ sí: inú àpáta tó ti jẹrà, tó rọ̀, tó wà láàárín erùpẹ̀ òkè àti àpáta gidi, àti inú ojú sísán tó wà lára àpáta gidi náà fúnra rẹ̀. Níbi tí jíjẹrà yẹn bá ti jìn, kànga ọwọ́ lásán yóò bọ́ agbo ilé. Níbi tí àpáta bá ti sún mọ́ òkè tí kò sì sán, o lè fi ẹ̀rọ lù ú láti àárọ̀ di alẹ́, eruku ni yóò máa tú sí ọ lójú. Nítorí èyí ni aládùúgbò méjì fi lè jọ pín ògiri ọgbà kan, kí kànga ọ̀kan máa pọn omi kí tèkejì gbẹ táútáú, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura síra wọn pé ẹnì kan ti ṣe nǹkan sí ilẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ṣe nǹkan. Bí àpáta ṣe sán ni.

Àwọn tó gbẹ́ kànga ṣáájú wa kò ní ẹ̀rọ, ojú ni wọ́n fi ń wá omi: igi tí ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí gbogbo pápá ti jó, kòtò tí ilẹ̀ rẹ̀ ń rin títí ọyẹ́ fi dé, ọ̀gán tó ń ru erùpẹ̀ tútù sókè láàárín ẹ̀rùn. N kò ní gbà kí o fi wọ́n ṣẹ̀sín, nítorí ọ̀pọ̀ kànga tí à ń pọn títí dòní, ojú yẹn ló rí i. Ṣùgbọ́n ojú yẹn kì í kọjá omi tó sún mọ́ òkè, kànga-dẹ̀rọ tí ìwọ ń sọ sì lè wọlẹ̀ tó mítà 30 sí 80, bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́kọ̀ tó gbé ẹ̀rọ wá kò ní torí pé kò sí omi kó má gba owó epo àti owó iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, kọ́kọ́ wá ẹni tó kọ́ ìmọ̀ omi abẹ́ ilẹ̀. Yóò gún irin mọ́lẹ̀ ní ìlà, yóò fi iná mànàmáná díẹ̀ ránṣẹ́ sínú ilẹ̀, yóò máa sún irin náà jìnnà síra díẹ̀díẹ̀ kí iná náà lè máa wọlẹ̀ sí i, ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ yóò sì máa ka bí ilẹ̀ ṣe ń kọ iná yẹn sí. Àpáta líle tó gbẹ a máa kọ̀ ọ́ gan-an. Èyí tó jẹrà tó sì mu omi a máa jẹ́ kó kọjá. Amọ̀ náà, ẹ̀wẹ̀, a máa jẹ́ kó kọjá, bẹ́ẹ̀ amọ̀ kì í fẹ́ tú omi tó mu sílẹ̀ fún kànga, ìdí nìyẹn tí o kò fi gbọ́dọ̀ gbéṣẹ́ fún ẹni tó ní ẹ̀rọ ṣùgbọ́n tí kò mọ ohun tí ẹ̀rọ ń sọ. Wọ́n ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, àmọ́ onítọ̀hún ti rí ihò tí oyin ń gbà wọlé kó tó gbé àáké sókè.

Lẹ́yìn èyí, dúró de ẹ̀rùn. Mo mọ̀ pé ìgbà tí ọ̀gá bá fún yín láyè lẹ máa ń wálé, tí ẹ sì máa ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan parí láàárín ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó padà, ṣùgbọ́n omi abẹ́ ilẹ̀ wa a máa gòkè lásìkò òjò, a sì máa sọ̀ kalẹ̀ bí oòrùn ṣe ń mú. Agbẹ́kànga tó bá gbẹ́ fún ọ ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ yóò pàdé omi kíákíá, yóò gba owó rẹ̀, yóò ṣàdúrà fún ọ, yóò sì lọ. Tó bá di Èrèlé, erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ ni ọmọ yóò máa fi korobá họ. Èyí tí a bá gbẹ́ ní Ẹrẹ́nà, nígbà tí omi ti sá dé ibi tó máa sá dé, tí agbẹ́kànga sì tún fi ìwọ̀n bí ènìyàn kan ga wọnú omi náà, ìyẹn ni kò ní dójú tì ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Ọ̀rọ̀ ibi tí kànga yóò wà tún kù. Àwọn onímọ̀ ìlera máa ń sọ pé ó kéré tán, kí mítà 30 wà láàárín kànga àti ṣalángá, kí kànga sì wà lápá òkè tí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́, kí ohun tó ń jò láti inú ṣalángá má bàa sàn wá bá a. Ó dáa. Ṣùgbọ́n pulọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 ní 100, gígùn rẹ̀ látòkè délẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 30 náà lọ! Bí o tilẹ̀ fi kànga síwájú tí o fi ṣalángá sẹ́yìn pátápátá, ṣalángá aládùúgbò rẹ lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga rẹ gan-an láìsí pé o mọ̀, nítorí ògiri tí ẹ mọ sáàárín ara yín kò dé ibi tí omi ń gbà. Èyí ló fi jẹ́ pé kí o tó bá agbẹ́kànga sọ̀rọ̀, àwọn tí ẹ jọ ń pààlà ni wàá kọ́kọ́ lọ kí nílé, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀, kí ẹ jọ mọ ibi tí oníkálukú gbẹ́ kànga àti ṣalángá sí àti ibi tó tún fẹ́ gbẹ́ wọn sí. Ẹlòmíràn á ní òun ti ra ilẹ̀ òun tán, kí ló kan òun kan ará ilé kejì. Omi abẹ́ ilẹ̀ kò mọ ìwé ilẹ̀.

Nígbà tí ó bá di kànga ọwọ́, má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi yangí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lásán bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n ri rìngì sìmẹ́ǹtì sí i, kí wọ́n mọ ẹnu rẹ̀ sókè dé àyà ọmọdé, kí wọ́n fi kọnkéré tẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ yíká kí omi tó bá dà sílẹ̀ lè ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀, kí ìdérí tó ní kọ́kọ́rọ́ sì wà lórí rẹ̀. Bí mo bá tẹnu mọ́ ògiri ẹnu kànga ju ohun gbogbo lọ, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa rí ló fà á. Ẹ̀yin kò mọ sòbìà. Àwa mọ̀ ọ́n. Ní 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn gbé ètò ìlera rẹ̀ dé Ìbàràpá, tí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà fi ń wá gbé ní Igbó-Ọrà kí wọ́n lè mọ ohun tó ń bá ará oko fínra, sòbìà sì wà lára ohun tó pàdé wọn. Ìdèrè pàápàá, ọ̀pọ̀ ìwé ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì náà kọ lórí ohun tí kòkòrò yẹn fojú ìlú ọ̀hún rí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà ìgbà náà gbà pé ara ènìyàn ni sòbìà ti wà láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Omi ni ó sì ti ń wá. Ẹni tí sòbìà rẹ̀ ti bẹ́ lẹ́sẹ̀ yóò wọ inú adágún lọ pọnmi, aràn náà yóò tú ọmọ rẹ̀ sínú omi, kòkòrò kékeré inú omi yóò gbé wọn mì, ẹni tó bá mu omi náà láìsẹ́ yóò gbé wọn sára fún bí ọdún kan, títí èyí tí ó gùn tó okùn ṣòkòtò yóò fi gba ojú awọ jáde lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àsìkò ẹ̀rùn ló máa ń bẹ́, nígbà tí ó yẹ kí ọkùnrin wà lóko kó máa palẹ̀ mọ́ de òjò. Orí ẹní ni yóò wà, tí iṣẹ́ oko yóò sì kọjá lójú rẹ̀.

Wọ́n a máa sọ pé bí sòbìà yóò bá degbò, olúgànbe là á ké sí, àmọ́ ohun tó lé sòbìà kúrò nílẹ̀ wa kì í ṣe ewé olúgànbe. Aṣọ tí a fi sẹ́ omi ni, oògùn tí wọ́n dà sí adágún ni, àti kànga tó ní ògiri, tí ẹlẹ́gbò kò lè ki ẹsẹ̀ bọ̀. Nígbà tí wọ́n wá a káàkiri Nàìjíríà ní 1988 sí 1989, àwọn tó ní in lé ní 650,000. Àjọ Carter Center ti Ààrẹ Amẹ́ríkà àná, Jimmy Carter, dá sí i, Ọ̀gágun Yakubu Gowon náà rìn láti ìlú dé ìlú nítorí rẹ̀, títí wọ́n fi rí ẹni tó ní in kẹ́yìn ní ìpínlẹ̀ Enugu ní oṣù kọkànlá ọdún 2008. Ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé Nàìjíríà ti bọ́. Ṣé o wá rí i, ọmọ mi, pé kànga tí ìwọ fẹ́ gbẹ́ nítorí sìmẹ́ǹtì, ìran kan fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sanwó fún un?

Ti kànga-dẹ̀rọ kò ní pẹ́ lẹ́nu mi. Dúró ti àwọn tó ń gbẹ́ ẹ, tàbí kí o fi ẹni tí kò ní sùn dúró tì wọ́n. Kí páìpù wọ inú ihò náà dé orí àpáta líle kí erùpẹ̀ má bàa wó lé e. Kí wọ́n fọ̀ ọ́ títí omi yóò fi mọ́. Kí wọ́n sì fa omi náà fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójú rẹ, kí o rí bí ó ṣe ń lọ sílẹ̀ àti bí ó ṣe ń padà, kí o tó ra súmò, ẹ̀rọ tí yóò máa fa omi náà sókè. Lórí àpáta bíi tiwa yìí, ihò tó bá fún ọ ní líta kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, dúpẹ́. Súmò ńlá tí wọ́n bá kì bọ ihò tí omi rẹ̀ kéré yóò fa afẹ́fẹ́, yóò sì jó.

Lẹ́yìn tí omi bá ti jáde ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹ̀yin ọmọ wa ti máa ń sọ̀nù. Wo àwọn kànga onífífà tí wọ́n fi ta ìlú lọ́rẹ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà: ọ̀pọ̀ nínú wọn, rọ́bà kékeré inú rẹ̀ ló jẹ, kò sì sẹ́ni tó dá owó rọ́bà. Lọ́dọọdún tí ẹ̀rùn bá mú, gbọ́n kànga rẹ gbẹ, kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, fi kílórínì sí i ní ìwọ̀n tí elétò ìlera bá sọ fún ọ, kí ẹnikẹ́ni má sì mu ún títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ. Áálọ́ọ̀mù tí àwọn ìyá wa ń jù sí i dára, ó ń jẹ́ kí omi tòrò, ṣùgbọ́n kì í pa kòkòrò àìsàn. Ẹni tó bá sì máa wọlé lọ kó ẹrẹ̀, ẹ so okùn mọ́ ọn nídìí, ẹ kọ́kọ́ sọ fìtílà tó ń jó kalẹ̀. Bí fìtílà náà bá kú, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ afami tó ń lo pẹtiróòlù kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹnu kànga rárá, nítorí èéfín rẹ̀ a máa rọ́ sínú ihò, kì í pa fìtílà, ènìyàn ló ń pa, ẹni tó bá sì fò wọlé láti gba ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ ni yóò ṣe ẹnì kejì. Pe àwọn panápaná, kí o sì di ẹni tó fẹ́ fò wọlé mú ṣinṣin, kódà bó bá jẹ́ bàbá ẹni tó wà nísàlẹ̀.

Má ti géètì mọ́ aládùúgbò. Yọ ẹnu ẹ̀rọ kan sí ìta ọgbà, kí àwọn ọmọ àdúgbò lè pọn nínú rẹ̀ láàárọ̀, títí kan àwọn ìbejì Igbó-Ọrà tí wọ́n máa ń jọ gbé gálọ́ọ̀nù kan ṣoṣo. Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé bí súmò bá bàjẹ́, gbogbo wọn ni yóò dáwó, kí o sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, nítorí ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé ańjọ̀fẹ́, ańjọ̀fẹ́ kú a ò rẹ́nìkan.

Bí ihò tí wọ́n gbẹ́ fún ọ kò bá wá ní omi, tàbí tí ti àtijọ́ gbẹ tí o gbẹ́ tuntun, má kàn fi pákó bò ó kí o wọkọ̀ padà. Fi erùpẹ̀ àti òkúta dí i dé ẹnu, fi kọnkéré lé e, kí o sì dúró kí o rí i pé wọ́n ṣe é tán. Ọmọ ọlọ́mọ ń ṣeré níbẹ̀.