Oúnjẹ Alẹ́ Nígbà Tí Ilé Bá Yí Padà: Ẹ Ṣe Èyí, Ẹ Má Ṣe Tọ̀hún

Àkọ́bí wọ yunifásítì, ọmọ tuntun dé, màmá àgbà kó wá láti Ìsẹ́yìn tòun ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ọmọ ọ̀dọ̀ padà sílé wọn. Ilé ti yí padà, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń dáná tẹ́lẹ̀ náà la ṣì ń dá a. Ibẹ̀ ni oúnjẹ ti ń ṣòfò, ibẹ̀ náà ni ìlera ẹlòmíì ti ń bàjẹ́.

Ẹ ka ẹnu kí ẹ tó gbé ìkòkò kaná. Bó bá jẹ́ dẹ́ríkà mẹ́ta ìrẹsì lẹ ń sè nígbà tí gbogbo ọmọ pé, tí méjì ti lọ, ẹ sọ ọ́ di méjì láti alẹ́ òní. Ẹ dín ata rodo àti iyọ̀ náà kù, nítorí ọwọ́ tí bíbu púpọ̀ ti mọ́ lára kì í tètè gbọ́.

Ẹ má ṣe fi ìkòkò ńlá se ọbẹ̀ kékeré. Á tẹ́ sílẹ̀, omi rẹ̀ á tètè gbẹ, á sì jóná nídìí. Ẹ fi ìkòkò ńlá pamọ́ de ọjọ́ ọdún.

Ẹ má ṣe dá ìkòkò àgbàlagbà yà sọ́tọ̀. Ìyá tó ti bọ́ gbogbo ilé rí kò yẹ lẹ́ni tí à ń gbé àwo aláìsàn fún ní kọ̀rọ̀. Ọbẹ̀ kan náà ni kí gbogbo ilé jẹ. Ẹ sè é láìfi iyọ̀ àti máàgì sí i, ẹ bu ti màmá kúrò, lẹ́yìn náà kí ẹ wá fi iyọ̀ sí ti àwọn tó kù. Irú tí wọn kò fi iyọ̀ pamọ́, ẹja gbígbẹ, àlùbọ́sà àti ẹ̀fìnrìn á mú un dùn dáadáa. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn kò kún ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì. Iyọ̀ inú máàgì wà nínú ìṣirò yẹn. Kán-ún tí a ń fi sí ewédú pàápàá ní sódíọ̀mù, èròjà inú iyọ̀ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ru. Ẹ já ewédú náà wẹ́wẹ́, ẹ fi ìjábẹ̀ já a dáadáa. Yóò yọ̀ láìsí kán-ún.

Ẹ má ṣe gba ẹni tó bá sọ pé àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò lè ṣe onítọ̀ ṣúgà ní nǹkan kan gbọ́. Òkèlè ni òkèlè ń jẹ́. Gbogbo wọn ló ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ dín òkèlè kù, ẹ fi ẹ̀fọ́ àti ẹja kún un.

Ẹ fún ọmọ tuntun ní ọmú nìkan títí oṣù 6. Omi kò sí níbẹ̀, àgbo kò sí níbẹ̀, ẹni yòówù kó máa bínú. Lẹ́yìn náà, ẹ̀wà tí a tẹ̀ kúnná, iṣu, ẹyin àti ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀ dára fún un, kí a bù ú kí iyọ̀ àti ata tó wọ ìkòkò. Ẹ má fún un ní oyin kó tó pé ọdún kan, ẹ má sì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ní hóró ẹ̀pà, ó lè há a lọ́fun.

Ẹ kọ́ ọmọ tó ń lọ yunifásítì ní oúnjẹ sísè kó tó kúrò nílé. Ọmọkùnrin pàápàá wà níbẹ̀. Ata díndín ni kó kọ́kọ́ mọ̀: kó dín in títí omi á fi gbẹ, tí òróró á léfòó. Ẹni tó bá mọ èyí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ gbogbo ọbẹ̀ tán.

Ẹ má ṣe dé ọbẹ̀ gbígbóná pa sínú rọ́bà fún un láti gbé lọ sí yunifásítì. Á kan kó tó dé ọ̀hún. Ẹ jẹ́ kó tutù, kó dì nínú fírísà, kí ẹ tó gbé e sínú kúlà. Ní ti ìrẹsì tó sùn síta mọ́jú, ẹ dà á nù. Gbígbé e kaná kì í pa gbogbo májèlé inú rẹ̀.

Bó bá ku ẹ̀yin nìkan nílé, ẹ má ṣe máa fi gaàrí mímu sùn lójoojúmọ́. Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti dáná fún ẹnu kan lẹ́yìn ọdún tí ẹ ti ń dáná fún ẹni mẹ́jọ. Ẹ se ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ pín in sínú abọ́ kéékèèké, ẹ sì pe aládùúgbò wá jẹun nígbà mìíràn.

Ẹ̀yin tí ìyá yín dá wà nílé, ẹ pè é lálẹ́ òní. Ẹ má kàn bi í bóyá ó ti jẹun, torí á ní òun ti jẹ. Ẹ bi í pé kí ló jẹ.